Bí Ọlọ́run Ṣe Yọ Bàbá Olùṣọ́ Wa Lọ́wọ́ Ìyìn Wa

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó ń gbani lọ́wọ́ ọ̀tá! Halelúyà! Ẹ tún yìn ín, torí ó ń gbani lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ náà! Ha, èyí ò dún tó ti àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé kò ní dún tó o. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ ni mo wá dú, ṣùgbọ́n ọpẹ́ mi korò bí ewúro tí wọn kò fọ̀ kí wọ́n tó dà á sọ́bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó ṣe jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin àlejò tí ẹ kò mọ̀ mí, Àǹkú Láyí ni wọ́n ń pè mí níbí. Èmi ni mò ń wa bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò láti ibi tí wọ́n gbé mọ́tò wọn sí lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ní Euless níbí. Ìwé mi ò pọ̀. Bí wọ́n bá ń ka Bíbélì, ìka ni mo fi ń tẹ̀lé e, ẹni tó bá ń kà á yára á ti já mi sílẹ̀ ní ẹsẹ kẹta. Nítorí náà, ẹ má retí ìwàásù. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Bàbá Olùṣọ́ wa nìyẹn níwájú, lórí kẹ̀kẹ́ wọn. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Láyí, sọ gbogbo ẹ̀. Má fi oyin sí i." Mi ò ní fi sí i.

Ẹ rántí ọjọ́ Ìsinmi tí ẹ̀rọ amúlétutù kú nínú gbọ̀ngàn yìí, nígbà tí ooru Texas mú dé gongo. Inú ilé gbóná bí ààrò búrẹ́dì. Àwọn ọmọdé ti ń ṣubú lórí ìjókòó. Ni Alàgbà Ṣódípọ̀, tí wọ́n jẹ́ alága ìgbìmọ̀ wa nígbà náà, ẹni ńlá nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bá ní ká jáde síta, ká parí àdúrà níbi ìgbọ́kọ̀sí, nínú atẹ́gùn Ọlọ́run. Atẹ́gùn wo? Atẹ́gùn ọjọ́ náà dà bí ìgbà tí ẹni tó jẹ ata ń mí síni lójú.

Ẹ sì mọ òfin wa: ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ilẹ̀ mímọ́ ni à ń tẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ní Ṣágámù tí wọ́n ti fi òfin yìí tọ́ mi dàgbà, iyanrìn la ń tẹ̀. Ọ̀dà dúdú ni ti Euless, oòrùn sì ti ń yan án láti àárọ̀.

Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé e, mo yọ ọ́. Mo gbé èkejì lé e, mo fò. Àgbàlagbà bíi tèmi ń ta pọ́ún pọ́ún bí adìẹ tí wọ́n tú sórí ààrò. Tómi, ọmọ mi, ní "Daddy, it's burning!" ó sì sá wọ inú mọ́tò. Kò sẹ́ni tó lè dúró. Àwọn kan wà lórí koríko, àwọn kan há sẹ́nu ọ̀nà. Alàgbà tó ní ká jáde ti rí rọ́ọ̀gì kan gbé jáde fún ẹsẹ̀ ara wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró láàrin ọ̀dà yẹn tí kò mira. Bàbá Olùṣọ́. Wọ́n dijú, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ń wá ìwé ìgbélùú, ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹsẹ̀ wọn ò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn.

Alàgbà ló kọ́kọ́ rí i. "Ẹ wo ẹsẹ̀ Bàbá! Ẹ wò ó! Iná ò jó o! Ṣádírákì! Méṣákì!"

Ariwo ta! Àwọn kan wólẹ̀ lórí koríko. Fóònù yọ lápò sùtánà bí ewé lẹ́yìn òjò. Èmi náà pariwo o, mi ò ní parọ́ nílé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n orí ẹsẹ̀ kan ni mo wà tí mo fi ń pariwo.

Alàgbà kọjú sí mi. "Àǹkú Láyí, ẹ rí i? Ẹ̀ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìgbàgbọ́ yín ló kéré."

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín mọ́, àfi kó yáa bá wọn rín in.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti wọlé, ìbùkún la sì ń pè é. Fídíò yẹn rìn dé ibi tí Bàbá fúnra wọn ò dé rí. Àwọn èèyàn ń ti Denton wá, wọ́n ń ti Little Elm wá. Wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ gàgàrà kan, wọ́n ta á sẹ́nu ọ̀nà: ẸSẸ̀ TÍ INÁ KÒ JÓ. Obìnrin kan wá láti Denton, ó ti ń wá ọmọ tipẹ́tipẹ́, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ Bàbá, ó fi ọwọ́ ọ̀hún pa ikùn ara rẹ̀. Alàgbà bá kéde pé lọ́jọ́ àjọ̀dún ìjọ, kí ooru tó kásẹ̀ nílẹ̀, Bàbá á tún dúró lórí ọ̀dà yẹn níṣojú gbogbo àlejò. A ní àmín. Ta ni kò ní í ṣe àmín?

Èmi ni mo máa ń gbé Bàbá lọ sílé lẹ́yìn ìsìn, torí apátíméǹtì wa ò jìnnà síra, wọ́n sì ń dá gbé láti ìgbà tí Màmá ti sùn nínú Olúwa. Lọ́jọ́ kan, òórùn burúkú kan gba inú mọ́tò mi. Mo délé, mo ké sí ìyàwó mi.

"Ṣadé, irú tó o rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé ń pa mí lọ nínú mọ́tò."

"Irú mi wà nínú fíríìjì, Bàbá Tómi. Ẹ lọ wá ohun tó kú síbi tó kú sí."

Mo tú mọ́tò. Mo rí ìbọ̀sẹ̀ Tómi, mo rí èpà. Mo fọ̀ ọ́, mo fi nǹkan olóòórùn dídùn kọ́ iwájú dígí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá wọlé, òórùn wọlé. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, òórùn sọ̀ kalẹ̀. Ìwé mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò le jù fún mi láti rò pọ̀. Kí ni mo wá ṣe? Akọni ọkùnrin! Mo ṣí fèrèsé, mo ń súfèé orin ìyìn.

Ohun tó gbà mí lọ́wọ́ ìfé yẹn ni àtẹ̀gùn ilé Bàbá. Mo ń bá wọn gbé àpò Bíbélì gòkè, mo wá rí i pé gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ òsì wọn bá tẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ ni ọ̀rinrin ń kù sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan wà lẹ́sẹ̀ yín."

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, Láyí."

"Bàbá, ó ń ro sílẹ̀."

Wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n rí i. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí wọ́n já okùn rẹ̀. Mo ní kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, kò fẹ́ bọ́. Nígbà tó bọ́, ẹ̀yin ará, kì í ṣe egbò lẹ ó pè é. Ihò ni, lábẹ́ ẹsẹ̀, awọ ti dúdú yí i ká, ọmọ ìka méjì ti dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rà. Bàbá ń wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ aládùúgbò.

"Ṣé kò dùn yín ni, Bàbá?"

"Kò dùn mí."

"Ha! Ọlọ́run tóbi!"

"Kì í ṣe Ọlọ́run, Láyí. Ìtọ̀ ṣúgà ni. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú mọ́ mi lára. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ gbóná rárá. Mo gbọ́ tí ẹ̀ ń fò, mo rò pé Ẹ̀mí ló gbé yín."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Fún ta ni? Kí n tó lajú, ẹ ti ń pariwo. Obìnrin Denton yẹn pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti lóyún. Ṣé kí n wá sọ fún un pé ṣúgà ló fọwọ́ pa?"

"Dókítà ńkọ́?"

"Íńṣọ́ránsì mi wà níbi iṣẹ́ tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìjọ ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n gbájú mọ́ àdúrà. Kò sẹ́ni tó rántí bi mí pé, bí àìsàn bá wá dé ńkọ́?" Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni títí àjọ̀dún á fi kọjá. Ṣèlérí."

Mo ṣèlérí. Kíá! Ẹ̀jẹ́ àtidákẹ́ ló yá lẹ́nu ojo jù.

Ṣùgbọ́n àyà mi ò gbà. Mo sọ ọ́ fún Ṣadé lóru, mo sì wa mọ́tò lọ sí Little Elm, sí ilé Alàgbà lẹ́bàá adágún omi. Mo sọ ọ́ fún wọn tán. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí? Wọn ò ní báwo ni Bàbá ṣe wà. Wọ́n ní, "Ta ló tún mọ̀?"

Mo ní, "Èmi àti ìyàwó mi nìkan ni, sà."

"Ó dáa. Lẹ́yìn àjọ̀dún, a ó rọra gbé wọn lọ sílé ìwòsàn."

"Sà, ẹsẹ̀ yẹn ò ní dúró de àjọ̀dún."

"Àǹkú Láyí, ẹ ṣọ́ra yín o. Ẹni òróró ni Bàbá. Hámù rí ìhòòhò bàbá rẹ̀, ó jáde lọ ròyìn. Ẹ mọ ègún tó bá ilé rẹ̀."

Ẹ̀rù Hámù wọ inú egungun mi. Wọ́n gbé omi inú ike fún mi, mo mu ún, mo sì dúpẹ́! Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó jáde! Bí mo ṣe ń padà bọ̀ lójú fíríwéè, mò ń kí ara mi pé mo ti ṣe ipa tèmi.

Ṣadé dúró dè mí nídìí iná ìdáná.

"Kí ni Alàgbà wí?"

"Wọ́n ní lẹ́yìn àjọ̀dún."

"Ẹ̀yin náà wá gbà?"

"Wọ́n ní Hámù..."

"Hámù wo? Bàbá tiwọn mutí yó, ó sùn. Bàbá tiwa ń jẹrà lóòró! Àwọn tó fi aṣọ bo Nóà, ṣé egbò ni wọ́n bò mọ́lẹ̀?" Ó pa iná. "Bàbá Tómi, ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ sọ pé ẹ̀rù ń bà yín, ká mọ ohun tí à ń bá jà."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀túnla ni àjọ̀dún. Ẹ wọ sùtánà fún ẹ̀rù náà, kẹ́ ẹ jọ lọ."

Àjọ̀dún dé. Èrò kún dé etí títì. Wọ́n ti tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, inú ilé tutù nini, síbẹ̀ Alàgbà ní ká jáde. Àwọn àlejò ti fi fóònù ṣe agbo yí ọ̀dà náà ká. Bàbá ń bọ̀ láàrin orin, wọ́n ń rìn bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti kó ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jọ láti ilé. Gbogbo rẹ̀ ló fò lọ.

Bàbá kù díẹ̀ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ síta. Ni mo bá na gbalaja! Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lójú ọ̀nà níwájú wọn. Èèyàn kì í sì í dá ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kọjá, Bàbá ò lè kọjá, ẹnikẹ́ni ò lè kọjá.

"Ẹ̀mí ti gbé e!" Mo gbọ́ ohùn Alàgbà. "Ẹ fi í sílẹ̀, Ẹ̀mí ló gbé e!"

Ẹ̀mí kọ́ o. Àyà mi ló wà lórí ọ̀dà, ó ń jó mi bíi mọ́ínmọ́ín ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo di ọrùn ẹsẹ̀ Bàbá mú, mo ká etí sùtánà wọn sókè, mo fa ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọ̀ láti fi bo òórùn yẹn bọ́, mo kígbe: "Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ yìí nínú fóònù, ẹ wá fi ojú ara yín wò ó!"

Òórùn náà wá ṣe ìyókù ẹ̀rí fún mi.

Bàbá wò mí nílẹ̀. "Láyí, o ṣèlérí."

"Mo ṣe é, Bàbá. Ẹ darí jì mí."

Sista Bùnmi, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, nọ́ọ̀sì ni, ẹ̀yìn ló máa ń kúnlẹ̀ sí, kì í sọ̀rọ̀. Ó la àárín èrò kọjá. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó fọwọ́ kan iwájú orí Bàbá. "Ẹ jókòó, Bàbá. Ara yín ń jó bí iná. Ẹ jókòó báyìí! Ẹ̀yin, ẹ pa kámẹ́rà, ẹ fi fóònù yẹn pe náìn-wọ́n-wọ́n!"

Alàgbà ní, "Sista, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàdúrà..."

"Ẹ máa gbà á, sà. Ẹ má ṣáà dí ẹnu ọ̀nà."

Nílé ìwòsàn, dókítà jáde, obìnrin kékeré kan, ó ní ta ni ẹbí aláìsàn. Gbogbo wa nínú aṣọ funfun ní, "Àwa ni." Ó wò wá láti òkè délẹ̀.

"Gbogbo yín? Ìgbà wo lẹ ń rí i?"

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀," Sista Bùnmi dáhùn.

"Ta ló wo ẹsẹ̀ rẹ̀?"

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ará. Àwa tí a ti wo ẹsẹ̀ yẹn nínú fóònù títí bátìrì fi kú, a ń wo ilẹ̀. Dókítà ní májèlé egbò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ní bí òun bá fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, òun á pàdánù ọkùnrin náà. Ó wọlé lọ bá Bàbá, ó bi wọ́n bóyá wọ́n fara mọ́ ọn kí òun gé e.

Bàbá ní, "Gé e, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ yẹn ti kúrò ní tèmi."

Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. A dúró. Nígbà tí dókítà tún jáde, ó ní, "Ó ti la ojú. Ó ń béèrè bóyá ẹ ti jẹun."

Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ó ku ẹ̀yin o! Ẹ pariwo fún ẹsẹ̀ tí iná ò jó, ẹ ò wá ní pariwo fún ẹ̀mí tí ikú ò rí pa? Ẹ ṣé! Ẹ tún un ṣe! Olúwa, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ fún ọ̀bẹ dókítà. Mo dúpẹ́ fún ẹnu Ṣadé. Mo dúpẹ́ fún Sista Bùnmi.

Obìnrin Denton yẹn wá kí Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì, òun àti ọkọ rẹ̀. Bàbá sọ òótọ́ fún un pẹ̀lú omijé. Obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ dákẹ́. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló fún mi lóyún." Ọkọ rẹ̀ wúkọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo tún gbọ́ ẹ̀rín Bàbá.

Kì í ṣe gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Alàgbà ti kó ìdajì ìjọ lọ sí Little Elm. Wọ́n ní àìgbàgbọ́ Láyí ló gé ẹsẹ̀ Bàbá. Mo gbọ́ pé wọ́n ṣì ń fi fídíò náà pe èrò, ẹsẹ̀ tí wọ́n ti jù nù ṣì ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Wọ́n ń pè mí ní Júdásì. Júdásì fẹnu ko Olúwa. Èmi, ọ̀dà ni mo fẹnu kò, àpá rẹ̀ wà láyà mi, ẹni tó bá fẹ́ kó wá wò ó.

Ṣé ẹ mọ̀ pé a fẹ́ràn ìtàn Mósè lórí òkè? A máa ń sọ pé ojúṣe Kristẹni ni láti di ọwọ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run mú sókè bíi ti Áárónì àti Húrì. Ojúṣe wa ni lóòótọ́. Ṣadé ló ka ibẹ̀ fún mi, jẹ́jẹ́, kí ìka mi lè bá a. Kí wọ́n tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, òkúta ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fún un kó jókòó. Wọ́n rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́! Àwa di ọwọ́ Bàbá mú sókè títí, ta ló gbé àga? A pè wọ́n ní bàbá, a kúnlẹ̀ fún wọn, a kó ìṣòro wa dà lé wọn lórí, a sì lọ jẹun. Bí bàbá tó bí wa bá ń tiro nílé, ṣé fídíò la máa ya?

Ní báyìí, ìjọ ti bá wọn gba íńṣọ́ránsì. Sista Bùnmi ń yẹ ẹsẹ̀ kejì wò kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, bí kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò, a ò ní lu agogo. A pẹ́. A pẹ́ púpọ̀, Bàbá, ẹ forí jì wá. Ṣùgbọ́n ẹ wà láàyè, Ọlọ́run ṣeun.

Ìwọ tó jókòó níbí tí nǹkan ń jẹ ọ́ lábẹ́ aṣọ funfun, tó o sì ń ṣe àmín, sọ ọ́ lónìí. Ìwọ tó rí ìyà ẹlòmíì tí ẹ̀rù ń bà ọ́ láti sọ, má dúró kí ẹ̀rù lọ. Tèmi ò lọ. Ó wà lẹ́sẹ̀ mi báyìí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọlọ́run tó lo ojo lè lò ọ́.

Tí a bá parí ìsìn, ẹ ó tò láti kí Bàbá. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé, "Bàbá, ara ńkọ́?" Wọ́n á ní, "A dúpẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùṣọ́ máa ń dáhùn. Ẹ má dìde. Ẹ tún bi wọ́n.